Ẹ Má Tíì Pa Á

Ọwọ́ Bámgbóyè ti dé ara kọ́kọ́rọ́ kí Monínúọlá tó fi sípánà gbá a lẹ́yìn ọwọ́.

"Ẹ má pa á."

"Monínúọlá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n."

"Bó jẹ́ bàbá yín gan-an ló jíǹde, ẹ má pa á."

Ẹ̀bá títì ni wọ́n wà ní Ìgèdè, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ funfun náà, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, onílẹ̀kùn méjì, ń gbọ̀n lábẹ́ wọn bí ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti eré dé. Ní òdìkejì títì, ìyá arúgbó kan tó ru agbọ̀n ẹ̀gẹ́ ti dúró, ó gbé ọwọ́ kan lé ìbàdí, ó ń retí kí ọmọ àbúrò òun sọ̀ kalẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀.

Lọ́dún náà, ọdún tí àwọn sójà ní kí àwọn olóṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí múra ìbò, kò sí ẹni tó ní ọkọ̀ ní Adó àti agbègbè rẹ̀ tí kò mọ òfin kan ju òfin ọlọ́pàá lọ. Bí o bá pàdé àgbà, o ó dúró, o ó pa ẹ́ńjìnnì, o ó sọ̀ kalẹ̀, kí o tó la ẹnu. Ẹni tó bá ń kí àgbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún, orí iná ló ti ń kí i nìyẹn, bí ẹni tó ní ibi tó sàn ju ọ̀dọ̀ àgbà náà lọ láti lọ. Wọ́n lè torí ẹ̀ kọ̀ láti fún ọ níyàwó. Bámgbóyè sì rèé, kọngílá ni, ilé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ fún ìjọba, àmọ́ ilé olórí akọrin ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó lè fi ọkọ̀ sá eré tí àwòdì ò lè sá. Kò lè kí àgbà lórí iná.

Monínúọlá yọ orí láti ojú fèrèsé. "Ẹ kú ọ̀sán o, Mà. Ẹ má bínú, a ò lè pa á ni. Ẹ̀gbọ́n Bámgbóyè ń bọ̀ wá kí yín lọ́la."

Ìyá náà wo obìnrin tó wọ ṣòkòtò tó dúdú fún ọ́ìlì, ó wo ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń tẹrí ba lẹ́yìn sítíárìn bí ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Ó pòṣé. Òṣé náà gùn débi pé ó ti fẹ́ẹ̀ yà sí kọ̀rọ̀ kó tó parí rẹ̀.

"O ti bà mí jẹ́," ni Bámgbóyè wí. "Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ilé wa á ti gbọ́ pé mo di ìgbéraga."

"Ẹ wá lọ́la, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ tọ́bò yìí, bó bá kú lónìí, ìdọ̀bálẹ̀ wo ló fẹ́ jí i?"

Tọ́bò ni gbogbo ọ̀rọ̀. Fáànù kékeré kan ni lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: èéfín gbígbóná tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ní ń yí i, òun náà á wá máa fẹ́ atẹ́gùn padà sínú ẹ́ńjìnnì bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ṣe ń fẹ́ iná. Ọkọ̀ náà gbé tirẹ̀ bọ̀ láti ilẹ̀ òyìnbó, èyí tí Monínúọlá ń pè ní tọ́bò ọmọ ìkókó. Ó ti yọ ìyẹn dànù. Ara lọ́rì kan tó ti kú sí ẹ̀gbẹ́ igbó ló ti tú ńlá tó fi rọ́pò rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó gé irin, ó jó páìpù tuntun fún un, lẹ́yìn náà ló wá ń fi etí àti imú wá ìwọ̀n epo àti ìwọ̀n iná tí ẹ́ńjìnnì náà fi lè bá àlejò agbára yìí gbé láìfọ́. Bí ẹ bá rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, ẹ lọ gbìyànjú ẹ̀ wò. Àmọ́ bí tọ́bò bá ti sáré tán, pípọ́n ló ń pọ́n bí ẹyin iná. Ọ́ìlì tó ń ṣàn kọjá nínú rẹ̀ nìkan ló ń tù ú. Ẹni tó bá pa ẹ́ńjìnnì lójijì ti dá ọ́ìlì náà dúró. Ọ́ìlì á jóná mọ́ ọ̀pá inú rẹ̀, ọ̀pá á gan, ó parí.

Akínbọ́lá, bàbá Monínúọlá, ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì ń bá iléeṣẹ́ kan tó ń la títì tún lọ́rì ṣe. "Jẹ́ kó mí," ni bàbá náà máa ń sọ. "Bí o bá ń gbọ́ súfèé lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò tíì ṣe tán. Bí súfèé bá ti di èémí, ó ti tó."

Súfèé náà di èémí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Ìgèdè. Monínúọlá mi orí, Bámgbóyè pa ẹ́ńjìnnì, ó sì wo ojú títì bóyá ẹ̀gbọ́n bàbá òun ṣì wà níbẹ̀. Kò sí.

Monínúọlá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú àwọn púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn sókè sójú oòrùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ́n bí ẹ̀pà yíyan. Èyí tó gbẹ̀yìn funfun bí eérú. Ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì.

"Kí ló dé?" ni Bámgbóyè bi í.

"Epo ò tó o. Atẹ́gùn tọ́bò pọ̀ ju epo tí mo fún un lọ. Bí ẹ bá fi báyìí gun òkè, iná á jẹ ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ṣí epo díẹ̀ sí i, ó yí ìdérí tó ń pín iná padà sẹ́yìn, kí iná má baà máa sáré ṣáájú epo. Kò yí i ju ìwọ̀n orí èékánná lọ. Ọbẹ̀ tó gbóná, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń lá a.

"Eré rẹ̀ á dín kù?"

"Á dín díẹ̀."

"Ọláoyè á fi wá rẹ́rìn-ín."

"Kó máa rín. Ẹnu tó bá ń rẹ́rìn-ín ò lè fẹ́ iná."

Bó ti ń sọ ọ́ tó, inú rẹ̀ ń gbóná. Láti ìgbà tí Akínbọ́lá ti kú ni ẹgbẹ́ mẹkáníìkì Òkè-Ìlá ti ń wí pé obìnrin ò lè jókòó sáyè ọ̀gá. Ọláoyè, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Akínbọ́lá, ní òun ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá òun kàn. Monínúọlá wọ ìpàdé wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún wọn, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣeé kọ sínú ìwé tí ọmọdé lè kà. Níkẹyìn ni Ọláyíwọlá, alága wọn, bá dá a báyìí: kí wọ́n gbé ọkọ̀ Bámgbóyè, tí Monínúọlá ń tún ṣe, lọ sí Ìgèdè, kí wọ́n gbé e bọ̀, kí wọ́n sá eré àsápajúdé gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ Òkè-Ìlá lójú àwọn àgbà. Kí wọ́n pa á níbẹ̀. Kí wọ́n tún tan án. Bó bá jí, ṣọ́ọ̀bù di ti Monínúọlá. Bí kò bá jí, kó kó sípánà rẹ̀ nílẹ̀.

Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé fún wọn pé tọ́bò tó bá ti eré dé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mí. Ọláoyè pàtẹ́wọ́. "Ẹ́ńjìnnì tó ń bẹ̀bẹ̀ ìsinmi. Ṣé ó lóyún ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọláyíwọlá nìkan ni kò rín, àmọ́ kò gbè é, ó kàn ń fi ọ̀pá rẹ̀ kọ ilẹ̀. Kí ni Monínúọlá ìbá sì máa retí lẹ́nu rẹ̀? Ó ṣì ń rántí ọjọ́ tí bàbá òun gbé lọ́rì tí tọ́bò rẹ̀ ń pọ́n bí iná wá síwájú ilé Ọláyíwọlá, níbi tí ọkùnrin náà ti ń sin ìyá rẹ̀. Òun náà wà nínú lọ́rì ọ̀hún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tó ilẹ̀ lórí ìjókòó. Bàbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó kí Ọláyíwọlá kú ọ̀fọ̀, ẹ́ńjìnnì sì ń dún gbùù lẹ́yìn rẹ̀. Lójú gbogbo èrò, Ọláyíwọlá yí ẹ̀yìn sí i. Akínbọ́lá kì í ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó gun lọ́rì rẹ̀, ó lọ. Títí tó fi kú, àwọn méjèèjì kò jọ jẹun mọ́, gbogbo Òkè-Ìlá sì sọ ọ́ lórúkọ: Ẹni-tí-í-kíni-lórí-iná.

Nígbà tí wọ́n sì wá gbé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù dé, Monínúọlá búra pé eékún òun kò ní kan ilẹ̀ níwájú Ọláyíwọlá láé. Òòró ló ń dúró kí i látìgbà náà, bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ wọlé ká lọ," ló sọ fún Bámgbóyè.

Tọ́bò ńlá máa ń sùn díẹ̀ kó tó jí. Wọ́n kúrò ní Ìgèdè wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ọkọ̀ tíṣà. Lẹ́yìn náà, súfèé bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tín-ín-rín, ó ga, ó tún ga sí i, lójijì ni nǹkan kan sì ti ẹ̀yìn ti ọkọ̀ náà bí ọwọ́ òmìrán. Igi ọ̀nà di ògiri. Wọ́n bá lọ́rì onípákó kan níwájú; kó tó di pé dírẹ́bà rẹ̀ fun fèrè, wọ́n ti yà á sílẹ̀. Monínúọlá kò wo ọ̀nà. Ó di ojú, ó ń fetí wá ìró kan ṣoṣo, ìró bí àgbàdo tó ń bẹ́ nínú ìkòkò, nítorí ìyẹn ni ìró ẹ́ńjìnnì tí iná ń jẹ.

Wọ́n kọjá Ìyìn. Kò gbọ́ ọ.

Lórí òkè tó tẹ̀ lé e, ó gbọ́ ọ: tá. Ó tún dún: tá, tá.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ díẹ̀."

Bámgbóyè gbé ẹsẹ̀. Ìró náà dákẹ́.

"Ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Díẹ̀díẹ̀. Ó ti tó. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi sí."

Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, kò nù ún. Kò sí ìró mọ́ títí wọ́n fi rí òrùlé Adó lábẹ́ àwọn òkúta. Nígbà náà ló tó la ojú, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ohun tí kò wọ̀n. Ó ti wọn epo, ó ti wọn iná, ó ti wọn atẹ́gùn. Kò wọn ẹ̀kọ́ ilé Bámgbóyè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́. Bí a bá dé òkè, ẹ má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ títí màá fi mi orí."

"Lójú Bàbá Ọláyíwọlá?"

"Lójú ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀."

"Wọ́n á ní mò ń kí àwọn lórí iná."

"Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà. Ẹ má kí wọn rárá."

Bámgbóyè yíjú wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ jalè nílé ìjọsìn. "Ìyẹn gan-an ló burú jù."

Kò sí àyè fún àríyànjiyàn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Ìlá ti yọ níwájú wọn, erùpẹ̀ pupa lápá ọ̀tún, ògiri ilé lápá òsì, àwọn èèyàn sì ti tò sẹ́bàá ọ̀nà. Bámgbóyè já jíà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Súfèé náà ké bí ẹyẹ tí wọ́n gbá mú. Wọ́n gun òkè náà bí ìgbà tí kò ga, wọ́n sì dúró gẹ́lẹ́ níwájú igi máńgòrò tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ jókòó sábẹ́ rẹ̀, eruku sì lé wọn bá.

Òórùn irin gbígbóná gba ibẹ̀ kan. Monínúọlá mọ̀ pé lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, tọ́bò ti pọ́n débi tí wọn ì bá fi tan sìgá lára rẹ̀.

Ọláoyè ká apá mọ́ àyà. "Ẹ kú ọ̀nà, Ìyá Mẹkáníìkì. Ó gun òkè, a rí i. Ó yá, ẹ pa á ká tún tan án."

Ọláyíwọlá dìde lórí àga. Ó ga, ó tín-ín-rín, irun rẹ̀ ti funfun tán. Ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ bọ̀ wá síwájú ọkọ̀. Bámgbóyè rí i, ọwọ́ rẹ̀ sì fúnra rẹ̀ gbéra lọ síbi kọ́kọ́rọ́.

Bí Monínúọlá bá ní kí wọ́n ṣe sùúrù, Ọláoyè á ní ẹ̀rí ti dé, ẹ́ńjìnnì ṣàìsàn. Bí kò bá sọ nǹkan kan, Bámgbóyè á pa á, tọ́bò á gan, ìyẹn náà á di ẹ̀rí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí ẹnikẹ́ni kò lè dí mọ́ ọn, torí pé a kì í já ìkíni gbà mọ́ àgbà lẹ́nu, ì báà ṣe ilé ló ń jó.

"Ẹ má tíì pa á," ló sọ lábẹ́ èémí fún Bámgbóyè. Ó bọ́ sílẹ̀, ó rìn lọ síwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì kúnlẹ̀, eékún méjèèjì, lórí òkúta wẹ́wẹ́ tí oòrùn ti yan.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá Alága."

Ẹ́ńjìnnì ń dún lẹ́yìn rẹ̀, súfèé rẹ̀ kò tíì rẹlẹ̀. Ẹnì kan kùn lábẹ́ igi, "Orí iná náà ló ti ń kí wọn. Bíi bàbá ẹ̀."

Ọláyíwọlá fi ọ̀pá rẹ̀ gúnlẹ̀. Ó wo orí obìnrin náà, ó wo ọkọ̀ náà. Ó pẹ́ débi pé Monínúọlá ti ń retí kó yí ẹ̀yìn sí òun, bó ti yí i sí bàbá òun.

"Òo," ni ọkùnrin náà wí nígbẹ̀yìn. Ohùn Adó pọ́ńbélé ló wà lẹ́nu rẹ̀. "Ulé ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Bàbá."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́?"

"Ó ti fúyẹ́."

Ọláoyè sún mọ́ iwájú. "Bàbá, ẹ ní kí wọ́n pa ọkọ̀ yìí ná, ká—"

Ọláyíwọlá kò yíjú sí i. "Ọláoyè, nílé tiyín, ṣé ẹ máa ń já ìkíni gbà lẹ́nu àgbà ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọláoyè padà sẹ́yìn.

"Ọkọ rẹ tó wà ní Kàdúná ńkọ́?"

"Ó wà, Bàbá. Ó kọ̀wé wá."

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Èyí tí eyín rẹ̀ ò yọ bọ̀rọ̀ ńkọ́?"

"Ó ti yọ tán. Ó ń gé mi jẹ."

"Ewúrẹ́ yín tó jẹ ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé mi láàárín ìkórè ńkọ́?"

Ẹ̀rín tún sọ lábẹ́ igi. Monínúọlá gé ètè jẹ. Òkúta ti wọ eékún rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n: Ọláyíwọlá ti rí òun mú, ó ń jẹ̀gbádùn rẹ̀, gbogbo ọjọ́ tí òun fi dúró lóòró kí i ló ń gbà padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn kan tó le ti gòkè dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, èyí tó ní irin nínú. Ó gbé e mì. Súfèé náà ṣì wà. Ó ti ń rẹlẹ̀, àmọ́ ó ṣì wà.

"Ewúrẹ́ náà wà, Bàbá. Ó ní kí n kí yín."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

Ẹ̀rín gé. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Akínbọ́lá ti wọ ilẹ̀. Ọláyíwọlá fúnra rẹ̀ wà níbi ìsìnkú, ó dúró sẹ́yìn gbogbo èrò.

Monínúọlá gbójú sókè, ìdáhùn onírin náà ti wà létè rẹ̀. Ìgbà náà ló rí i pé kì í ṣe òun ni ọkùnrin náà ń wò. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ti tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, etí ọ̀tún rẹ̀ ló kọ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ pàdé, bí òun náà ṣe di ojú láti Ìgèdè wá.

Ìdáhùn náà yọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Wọ́n ń sinmi, Bàbá."

"Hẹn." Ọláyíwọlá mi orí díẹ̀díẹ̀. "Bí o bá rí i lójú orun, bá mi kí i. Ní mo ní ó kú iṣẹ́. Ní mo ní lọ́rì mi kejì, èmi náà pa á lójú gbígbóná, torí mo fẹ́ kí àna mi. Ó gan. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tó ń ṣe níwájú ilé mi. Mi ò wá mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ẹ̀ fúnni."

Kò gbé ohùn sókè. Àwọn tó wà lábẹ́ igi kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Monínúọlá gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, súfèé náà tín-ín-rín bí òwú, ó já, ó di afẹ́fẹ́ lásán. Ó fẹ́ yíjú láti mi orí sí Bámgbóyè. Ọ̀pá Ọláyíwọlá ti ṣáájú rẹ̀ gbéra.

"Ó ti mí," ni ọkùnrin náà wí. "Pa á."

Mí. Ọ̀rọ̀ ẹnu Akínbọ́lá nìyẹn.

Bámgbóyè pa á. Ó bọ́ sílẹ̀ kíá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nídè, aṣọ funfun tó wọ̀ di pupa. Ọláyíwọlá fi ọ̀pá kàn án léjìká, ó ní kó tún tan án. Ó padà sínú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ́ńjìnnì jí, ó ń dún geere, kò wúkọ́ rárá. Lábẹ́ igi, ẹnì kan sọ pé háà. Ọláoyè tú apá rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó sì rìn wá bá wọn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí mẹkáníìkì ni òun náà, kò lè gba ara rẹ̀.

Bámgbóyè tún pa á. Àwọn àgbà ti dìde, wọ́n rọ̀ yí ọkọ̀ náà ká, wọ́n ń na ìka sí èyí, wọ́n ń bèèrè tọ̀hún. Kò sí ohun tó ń dún mọ́, kò sì sí ohun tó nílò kí ẹnikẹ́ni dúró dè é. Ọláyíwọlá ṣì wà níwájú Monínúọlá, ó gbára lé ọ̀pá rẹ̀.

Lórí òkúta wẹ́wẹ́ tó ń jó o léékún náà ni Monínúọlá ti wá fura pé òun kò tíì dìde.